Ìṣàrò Òwúrọ̀: Ẹ Kó Gbogbo Rẹ̀ Kúrò Ná

*Bíbélì kíkà:* Jóṣúà 7:1-26 àti 8:1-2

Ẹni tó bá ń wa mọ́tò lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ẹ ó kà á tí ẹ bá débi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ó sì máa gba ọ̀nà kọ̀ǹpútà kọjá kó tó dé inú Bíbélì. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má sọ pé èyí kì í ṣe tiyín. Ẹ bá mi kálọ.

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń wa bàálù nínú yàrá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orí kọ̀ǹpútà ni o. Flight simulator ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á jókòó sídìí tábìlì, á di joystick mú, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó dà bí èyí tí awakọ̀ òfurufú ń dì mú, á máa wo pápákọ̀ òfurufú lójú kọ̀ǹpútà, á sáré, á gbéra, á lọ balẹ̀ sí ìlú mìíràn láì kúrò lórí àga. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin, ẹ tiẹ̀ gbọ́ èyí: inú ilé iṣẹ́ dùùrù ni irú ẹ̀rọ yìí ti wá. Edwin Link, ọmọ ẹni tó ní ilé iṣẹ́ dùùrù àti piano ní ìlú Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York, ló lo ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú dùùrù láti ṣe àpótí kan tó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bíi bàálù, ní 1929. Ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e sí. Àmọ́ ní 1934, tí iṣẹ́ gbígbé lẹ́tà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, tí ojú ọjọ́ burúkú sì ń pa àwọn awakọ̀ wọn, wọ́n sáré lọ ra mẹ́fà. Ó sàn kí èèyàn ṣi í ṣe nínú àpótí ju kó ṣi í ṣe lókè lọ.

Ohun tó gbé mi débi ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn àfikún. Simulator tí ẹ bá rà máa ń ní bàálù tirẹ̀ àti pápákọ̀ tirẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn káàkiri ayé tún máa ń ṣe kún un: bàálù tó jọ ti gidi jù bẹ́ẹ̀ lọ, pápákọ̀ òfurufú ìlú tí wọ́n mọ̀, ojú ọjọ́, ìró ẹ́ńjìnnì. Òmíràn ọ̀fẹ́, òmíràn olówó. Nínú Microsoft Flight Simulator, folder kan wà tí wọ́n ń pè ní Community, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí. Ẹ ju ọ̀kan sí i lónìí, ẹ ju méjì sí i lọ́la. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti lé ní ọgọ́ta. Ó dùn-ún wò. Àfi ọjọ́ kan tí ẹ wà lókè tí gbogbo ẹ̀ kàn pa dé. Ẹ tún un tàn, ó tún pa. Tàbí kó jẹ́ pé bàálù ń tẹ̀ sósì, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fọwọ́ kàn án.

Kí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe? Wọ́n á wá àfikún mìíràn tí yóò tún àwọn àfikún ti tẹ́lẹ̀ ṣe. Wọ́n á ra joystick tuntun. Wọ́n á yí nǹkan mẹ́wàá padà lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé bó bá tiẹ̀ wá ṣiṣẹ́, wọn ò ní mọ èwo nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló tún un ṣe.

Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ kì í dùn létí: ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò ná. Wọn ò ní kí ẹ dà á nù. Ẹ kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan. Simulator yẹn fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí tó bá pa dé lójijì, nígbà tí ẹ bá tún un tàn, ó lè bi yín bóyá kí òun ṣí ní Safe Mode, ìyẹn ni pé òun ò ní gbé ohun tí ẹ kó sínú Community dání. Ẹ wá gbéra báyìí. Bó bá fò dáadáa, ẹ ti mọ nǹkan ńlá kan: ohun tí ẹni tó ṣe é fi lé yín lọ́wọ́ kò bàjẹ́. Inú ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kó wọlé ni wàhálà wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá ìdajì padà. Bó bá fò, ìdajì yẹn mọ́, ìdajì kejì ni kí ẹ wá inú rẹ̀. Ẹ tún pín in sí méjì. Ká ní 64 ni wọ́n, tó sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ń dà wọ́n láàmú, ìgbà mẹ́fà péré ni ẹ ó dán an wò tí ẹ ó fi ká a mọ́: 32, 16, 8, 4, 2, 1.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìwé Jóṣúà.

Jẹ́ríkò ti wó. Ìlú kékeré kan ló kàn, Áì. Àwọn amí lọ wò ó, wọ́n ní kí wọ́n má wulẹ̀ da gbogbo èèyàn láàmú, ẹgbẹ̀rún méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Nǹkan bí 3,000 lọ, wọ́n sì sá wálé. Ọkùnrin 36 kú. Ẹ dúró díẹ̀ níbi iye yẹn, ẹ má sáré kà á kọjá. Ilé 36 ni wọ́n ti ń retí ẹnì kan tí kò padà mọ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún wọn ìdí rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, ó sì wà láàárín wọn níbẹ̀.

Jóṣúà ṣe ohun tí èmi àti ẹ̀yin náà máa ṣe. Ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó da eruku sórí, ó dojú bolẹ̀ níwájú àpótí Olúwa títí di ìrọ̀lẹ́, òun àti àwọn àgbààgbà. Ọlọ́run wá ní kó dìde. Ó bi í pé kí ló ń wá lórí ilẹ̀ yẹn. Ẹ lọ wo ẹsẹ 10. A kì í sábà wàásù lórí ẹsẹ yẹn, nítorí àwa oníwàásù fẹ́ràn kí èèyàn máa dojú bolẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló dá ìpàdé àdúrà yẹn dúró! Àdúrà yẹn kọ́ ló burú. Iṣẹ́ kan ló wà nílẹ̀ tó yẹ ní ṣíṣe, àdúrà ò sì lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Ọlọ́run mọ orúkọ Ákánì. Ó lè pè é jáde lẹ́ẹ̀kan. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Ó bọ́ sí Júdà. Àwọn ẹ̀yà tó kù mí kanlẹ̀, wọ́n lọ jókòó. Ìdílé-ìdílé, ó bọ́ sí ti Sérà. Agboolé-agboolé, ó bọ́ sí ti Sábídì. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé ọjọ́ kejì ni Ọlọ́run dá fún un. Ákánì ní òru odidi kan láti rìn lọ sí àgọ́ Jóṣúà, kó sì sọ̀rọ̀. Kò lọ. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ òun. Lábẹ́ àgọ́ rẹ̀ ni aṣọ àwọ̀lékè Bábílónì wà, pẹ̀lú 200 ṣẹ́kẹ́lì fàdákà àti wúrà tó wọn 50 ṣẹ́kẹ́lì, ó wa ilẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Aṣọ tí kò lè wọ̀ jáde, owó tí kò lè ná.

Ẹ̀yin ará, kí ló wà nínú Community tiyín?

Ẹ ṣí fóònù yín wò. Ìlà àdúrà agogo méjìlá òru, ti agogo mẹ́ta, ti agogo márùn-ún. Wòlíì kan lórí Facebook, òmíràn lórí YouTube, ìyá àdúrà kan tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí. Omi, òróró, aṣọ pélébé tí wọ́n gbàdúrà sí. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ti ibí, ọjọ́ méje ti ọ̀hún. Mi ò ní gbogbo wọn ló burú. Mò ń béèrè pé, nígbà tí ayé yín bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sósì, ṣé ẹ tíì kó ohunkóhun kúrò rí, àbí ẹ kàn ń fi kún un ni? Ẹlòmíràn, ọdún kẹta rèé tí kò sùn dáadáa nítorí ìlà àdúrà, ó ń bínú sí àwọn ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì ń gbàdúrà lóru pé kí Ọlọ́run mú ẹ̀mí ìbínú kúrò. Ẹ sùn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sùn fún ọ̀sẹ̀ kan ná, ká lè mọ èyí tó jẹ́ ìbínú àti èyí tó jẹ́ àìsùn.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mò ń bẹ̀ yín fún. Bíbélì yín, àdúrà nínú yàrá yín, ìjọ tí ẹ wà, kò tán? Ẹ kó ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dá wọn padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀. (Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún yín o, ìyẹn kì í ṣe àfikún. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo mọ àwọn tí mò ń bá wí.)

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Ẹ so joystick mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbàgbé pé ọwọ́ ìṣeré Xbox tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù ṣì wà nídìí rẹ̀. Simulator ti pín iṣẹ́ kan náà fún àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ní ká yà sọ́tùn-ún, èkejì ní ká dúró, bàálù wá ń gbọ̀n láàárín. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí ẹ gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ọ̀kan. Arábìnrin tí wòlíì kan sọ fún pé kó má fẹ́ ọkùnrin yẹn, tí òmíràn ní òun gan-an ni ọkọ rẹ̀, tí ẹ sì ń san owó fún ẹ̀kẹta kó wá là yín: ohun tó ń ṣe yín nìyẹn. Èlíjà kò bèèrè ju èyí lọ lórí Kámẹ́lì, 1 Àwọn Ọba 18:21. Jésù náà sọ ọ́ nínú Mátíù 6:24, àmọ́ a ti fi tọ̀rọ̀ owó nìkan túmọ̀ rẹ̀ jù.

Dead zone náà tún wà, èyí ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Joystick tó bá ti gbó, tàbí tí eruku ti wọ inú rẹ̀, kì í dúró láàárín mọ́. Ẹ fọwọ́ sílẹ̀, ó ṣì ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà láti bò ó: ẹ lọ sínú ètò rẹ̀, ẹ fẹ dead zone, ìyẹn ni pé ẹ ní kí kọ̀ǹpútà má kọbi ara sí ohun kékeré tó bá ń mira nítòsí àárín. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fẹ̀ ẹ́ ṣáá, lóòótọ́ bàálù ò ní gbọ̀n mọ́, àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálẹ̀, tó ku díẹ̀ kí táyà kan ilẹ̀, tí ẹ nílò àtúnṣe kékeré, kò ní gbọ́. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i, á wá gbọ́ lójijì, á sì ti jù.

Ẹni tó ṣì wà ní bálùwẹ̀ tó ń sọ lórí fóònù pé òun ti dé Ọ̀jọ́ta, ọkàn rẹ̀ gún un nígbà àkọ́kọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà kejì kò gún un tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀rọ̀ gidi, owó ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ akápò, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí kò yẹ kó dé sórí fóònù ọkọ ẹlòmíràn, ọkàn ò ní sọ nǹkan kan. Kì í ṣe pé Ẹ̀mí Mímọ́ dákẹ́. Àwa la fẹ ibẹ̀. Ẹ ka 1 Tímótì 4:2 nígbà tí ẹ bá ráyè.

Wọ́n tún máa ń ní kí ẹ dán joystick wò níta simulator. Windows ní ojú ewé kékeré kan fún un, àmì kan á wà láàárín àpótí. Bí àmì yẹn bá ń rìn nígbà tí ẹ ò fọwọ́ kàn án, joystick ló ń ṣàìsàn, ẹ má dá simulator lẹ́bi. Ẹ gbé ìgbàgbọ́ tiyín náà kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ dán an wò nínú ilé ìdáná ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá da omi ọ̀gì nù. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa nira fún àwa àgbà. Àfikún tó ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dún tó kọjá lè jẹ́ òun ló ń ba nǹkan jẹ́ lọ́dún yìí, torí wọ́n ti ṣe àtúnṣe tuntun sí simulator, ẹni tó ṣe àfikún yẹn kò sì tíì tún tirẹ̀ ṣe. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀. Ejò idẹ tí Mósè gbé kọ́ nínú Númérì 21, Ọlọ́run ló ní kó ṣe é, ó sì gba ẹ̀mí là. Nígbà tó fi máa di ìgbà ayé Hesekáyà, wọ́n ti ń sun tùràrí sí i, ọba wá fọ́ ọ túútúú, 2 Àwọn Ọba 18:4. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni o! Ẹni tó ń sọ pé báyìí la ṣe ń ṣe é nígbà ìsọjí ọdún náà lọ́hùn-ún, mo gbọ́ yín, bàbá mi. Ó ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ báyìí.

Àmọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ tòní lọ sílé lọ wá Ákánì kiri. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ simulator, tó gbé bàálù kékeré bíi Cessna 172, á rí i pé bó ṣe ń sáré láti gbéra ló ń fà sósì. Á tú joystick, á tú kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tó ṣe é. Bí pròpẹ́là ṣe ń yí ló fà á, ti gidi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni awakọ̀ gidi fi ń tẹ pẹ́dàlì dá a padà sí ọ̀nà. Wọ́n bi Jésù nínú Jòhánù 9 pé ta ló ṣẹ̀ tí ọkùnrin yẹn fi jẹ́ afọ́jú látìgbà ìbí, òun tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹnì kankan nínú wọn. Ìyá àgbà tí ẹ lé kúrò nílé nítorí pé wòlíì ní òun ló so oyún yín mọ́lẹ̀, ẹ lọ mú un wálé. Ẹ lọ lónìí. Ìdí pàtàkì tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyẹn. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sọ fún Jóṣúà pé nǹkan kan wà nílẹ̀, Jóṣúà ò fi ọgbọ́n orí fura. Nígbà tó sì fi máa kan Ákánì, ọmọ mi ló pè é, ó sì jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ta ló bi ìyá àgbà yẹn léèrè? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà lóòótọ́, àmọ́ ewé tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ yí wò.

Ẹ wo orí 8, ẹsẹ 2. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ Ákánì parí, Ọlọ́run rán wọn padà sí Áì, ibi tí wọ́n ti na wọ́n gan-an, ó sì ní lọ́tẹ̀ yìí kí wọ́n kó ìkógun àti ẹran ọ̀sìn fún ara wọn. Ohun tó pa Ákánì ní Jẹ́ríkò, ó di ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn ní Áì. Ìlú kan péré ló kù tí kò lè dúró dè.

*Àdúrà:* Olúwa, ìwọ tó mọ Ákánì lórúkọ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́, òru tí o fún un, fún àwa náà. Ẹni tó ní ohun kan lábẹ́ àgọ́ nínú àwa tó ń ka èyí, fún un lẹ́sẹ̀ láti rìn wá sọ ọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn ohun tí kò ṣe kàn, jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lónìí. Lórúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.

Ìpàdé Bíbélì wa ti alẹ́ òní ṣì dúró ní aago mẹ́fà. Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé dání.